Báwo Ni Ẹ̀ka Ólífì Ṣe Ń Ta Gbòǹgbò?

Ọ̀pọ̀ wa mọ òróró ólífì láti ṣọ́ọ̀ṣì. Lónìí, igi rẹ̀ gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní 2013, wọ́n rí kòkòrò àrùn Xylella fastidiosa lára igi ólífì ní Puglia, gúúsù Ítálì. Ó máa ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà nínú igi, títí igi á fi gbẹ. Ọ̀kẹ́ àìmọye igi ló ti bá a lọ. Ṣùgbọ́n irú kan, Leccino, ń fara dà á. Wọ́n wá nílò Leccino rẹpẹtẹ.

Ṣé kí wọ́n gbin kóró rẹ̀ ni? Rárá. Igi tó ti inú kóró jáde lè má jogún agbára yẹn. Ẹ̀ka tí wọ́n gé lára ìyá ló máa rí bí ìyá gẹ́lẹ́.

Ìṣòro ni pé ẹ̀ka ólífì kò dà bí igi ẹ̀gẹ́ tá a máa ń gún sílẹ̀ tó sì ń hù fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni họ́mọ́ònù ti wọlé. Igi ní họ́mọ́ònù tirẹ̀ tó ń ti orí ọ̀mùnú sọ̀ kalẹ̀, tó ń mú kí ìdí ẹ̀ka ta gbòǹgbò. IBA tí wọ́n ń tà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Wọ́n á gé ẹ̀ka tí kò rọ̀ jù, tí kò sì gbó jù, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Wọ́n á já ewé ìdí rẹ̀, wọ́n á fi díẹ̀ sílẹ̀ lókè. Wọ́n á ti ìdí rẹ̀ bọ IBA, nǹkan bí 3,000 sí 4,000 ppm, fún ìṣẹ́jú àáyá 5 péré. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gún un síbi tí ẹ̀rọ ti ń fọ́n omi wẹ́wẹ́ sí ewé, tí ìdí sì ń móoru. Ní nǹkan bí oṣù méjì, gbòǹgbò á jáde.

Ẹ má rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa yá tó o. Tí IBA bá pọ̀ jù, ìdí ẹ̀ka á jóná. Tí ewé bá sì rọ nítorí òùngbẹ, họ́mọ́ònù kò lè gbà á. Irú náà tún yàtọ̀: Arbequina ti Sípéènì ń tètè ta gbòǹgbò, Kalamata ti Gíríìsì ń ṣagídí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń lọ́ ọ mọ́ igi mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Tí gbogbo oko bá jẹ́ ẹ̀ka ìyá kan ṣoṣo, àrùn tó bá borí ọ̀kan ti borí gbogbo wọn. Họ́mọ́ònù lè sọ igi kan di ẹgbẹ̀rún, kò lè sọ ọ́ di oríṣiríṣi.