"Come si monta?": Bí ọmọ Yorùbá ṣe lè bi ará Ítálì léèrè bí wọ́n ṣe ń to nǹkan pọ̀

Ọmọ Woolwich àti Thamesmead kì í ṣe àjèjì sí ẹrù inú páálí. Láti oṣù Kejì ọdún 2019 tí IKEA ti ṣí ilé ìtajà rẹ̀ ní Greenwich, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù tí ènìyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò kò jìnnà sí wa. Nínú ilé púpọ̀, àwọn ọmọ ni wọ́n máa ń pè pé: "Ẹ wá bá wa wo ìwé yìí."

Tó bá wá jẹ́ Ítálì lo wà ńkọ́? Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ pé Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé, ẹbí àwọn mìíràn sì wà lọ́hùn-ún títí di òní. Ká ní o lọ kí àǹtí rẹ níbẹ̀, tí ẹ fẹ́ to bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀. Aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n tò lè má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń béèrè.

Kọ́kọ́ kí i: "Buongiorno." Lẹ́yìn náà, sọ pé "Come si monta?", ìyẹn "Báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó?" Wo "si" yẹn dáadáa. Kò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó, bí "wọ́n" tiwa náà kò ṣe tọ́ka sí ẹnì kan. Tí o bá ti mọ èyí, o lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn: "Come si apre?" ni "Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí i?" "Dove va questo?" ni "Ibo ni èyí máa wọ̀?" Bí nǹkan kan kò bá pé nínú páálí, wí pé "Manca un pezzo."

Etí Yorùbá rẹ yóò ràn ọ́ lọ́wọ́. Fáwẹ̀lì 7 ni èdè Ítálì ní, bíi fáwẹ̀lì àìránmúpè tiwa: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Nínú ìwé, lẹ́tà kan náà ni wọ́n sábà máa ń kọ fún e àti ẹ, ṣùgbọ́n ẹ ni wọ́n ń pè nínú "pezzo", ọ ni wọ́n sì ń pè nínú "può".

Ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀. "Mi può aiutare?" ni "Ṣé ẹ lè ràn mí lọ́wọ́?" "Mi puoi aiutare?" ni ti ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ ẹni. Àmọ́ kíyè sí i: ọmọ Ítálì sábà máa ń pe ìyá rẹ̀ ní "tu", bí ìgbà tí a bá ń sọ "ìwọ". Kì í ṣe àfojúdi lọ́dọ̀ wọn. Àjèjì tó jẹ́ àgbàlagbà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń lo "ẹ".

Ìbéèrè kan ṣì kù tí kò yẹ kí o gbàgbé: "Come si fissa al muro?", "Báwo ni wọ́n ṣe ń dè é mọ́ ògiri?" Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, IKEA pe kọ́bọ́ọ̀dù onídúrọ́ọ̀ bíi mílíọ̀nù 29 padà ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí àwọn kan tí wọn kò dè mọ́ ògiri wó pa àwọn ọmọdé. Nítorí náà, bí ìdáhùn aládùúgbò náà kò bá yé ọ, má ṣe tijú. Fi ọwọ́ kan ògiri, kí o sì tún un bi.