Wọ́n ti pààrọ̀ ìgbáròkó yín: ṣé ẹ ṣì lè ṣeré, ẹ ṣì lè roko, ẹ ṣì lè dọ̀bálẹ̀?

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù keje, ọdún 2022, ìròyìn gba ìgboro kan pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà. Ilé-ìwòsàn Duchess tó wà ní GRA, Ìkẹjà, ni wọ́n ti ṣe é, egungun itan ọ̀tún ni wọ́n sì tọ́jú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún aráyé ni pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù skọ́ọ̀ṣì ló ti fara pa. Láti Dọ̀pẹ̀mú sí GRA Ìkẹjà, bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, kò jìnnà rárá. Ìbéèrè tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sì máa ń fà wá ni pé, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí abẹ ti kan itan rẹ̀, ṣé ó tún lè ronú eré ìdárayá mọ́?

Ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣínbàjò, egungun tó ṣẹ́ ni wọ́n kéde, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wà, láti Dọ̀pẹ̀mú títí dé Abúlé-Ẹ̀gbá, àti ní àwọn ìlú kéékèèké tó jìnnà sí Èkó, tí tiwọn ju egungun ṣíṣẹ́ lọ. Oríkèé ibi tí itan ti so mọ́ ìgbáròkó ló ti jẹ pátápátá. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ dánfó, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ wọlé. Lóru, ìrora kì í jẹ́ kí wọ́n yí ẹ̀gbẹ́ padà. Irú àwọn wọ̀nyí ni dókítà máa ń gbà níyànjú pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n yọ oríkèé náà, kí wọ́n fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Kì í sì í ṣe abẹ nìkan ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé lẹ́yìn abẹ, àwọn yóò di ẹni à ń gbé jókòó.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ. Orí egungun itan rí rogodo, ó sì wọ inú ihò kan lára egungun ìgbáròkó, bí ìgbà tí orí ọmọ odó bá wà nínú odó. Ohun kan tó rọ̀, tó ń dán, ló bo méjèèjì, òun ni kì í jẹ́ kí egungun máa ha egungun. Bí nǹkan yìí bá jẹ tán, ìrora dé nìyẹn. Nínú iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n á gé orí egungun tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n á ki irin sínú ihò egungun itan, wọ́n á fi rogodo tuntun lé e lórí, wọ́n á sì fi ihò tuntun sí ìgbáròkó. Odó tuntun, ọmọ odó tuntun.

Kí ló ń ba oríkèé yìí jẹ́? Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Iṣẹ́ agbára náà wà níbẹ̀: àwọn olùwádìí ilẹ̀ òyìnbó ti rí i pé àgbẹ̀ wà lára àwọn tí oríkèé ìgbáròkó wọn ń tètè jẹ, nítorí ẹrù wíwúwo àti ìdúró pípẹ́. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún gbé àpò nílé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Ọ̀gbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ tiwa, ohun kan tún wà tí kì í ṣe ti arúgbó, ìyẹn àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn dáadáa kì í jẹ́ kí orí egungun itan rí oúnjẹ jẹ, egungun náà á kú, á sì wó. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ń tiro bí ẹni ọgọ́rin ọdún. Oògùn làkúrègbé tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, náà lè fà á bó bá jẹ́ pé sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n pò mọ́ ọn, tí èèyàn sì ń lò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ẹni tó jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni John Charnley, dókítà egungun ní ilé-ìwòsàn Wrightington, ní Lancashire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn rẹ̀ dùn ún gbọ́, ó sì kan eré tí à ń sọ yìí. Teflon ni Charnley kọ́kọ́ fi ṣe ihò oríkèé náà, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ inú páànù kí ẹyin má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi sára nǹkan bí 300 èèyàn. Láàárín ọdún díẹ̀, ó jẹ, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sì ba ara tó yí i ká jẹ́. Ọkùnrin náà tilẹ̀ fi í sí itan ara rẹ̀ kó lè mọ ohun tí yóò ṣe fún ẹran ara. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò ni ọ̀nà àbáyọ ti wá: ọlọ́jà kan mú ike líle kan wá, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe jíà inú ẹ̀rọ ìhunṣọ ní Lancashire. Charnley kò kọ́kọ́ kà á sí. Ẹni tó ń bá a ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ló dán an wò, tó rí i pé kì í tètè jẹ. Oṣù kọkànlá ọdún 1962 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sára èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ rí nílé-iṣẹ́ aṣọ ní Ìkẹjà, ẹ mọ̀ pé jíà tó ń yí lójoojúmọ́, bó ti wù kó le tó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò jẹ.

Egungun tí Ọlọ́run dá, bó bá ṣẹ́, á jinná. Irin àti ike kì í jinná. Gbogbo ìfò àti ìsáré ló ń gé díẹ̀ lára ọjọ́ tó kù fún wọn. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìṣègùn Lancet ní ọdún 2019, tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ilẹ̀ bíi Australia àti Finland ṣe, sọ pé nínú 100 irú oríkèé yìí, nǹkan bí 89 ló ń pé ọdún 15, nǹkan bí 70 ló ń pé ogún ọdún, nǹkan bí 58 ló sì ń pé ọdún 25. Ẹ fi ọgbọ́n ka iye yìí. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí wọ́n bá ṣe é fún, ó ṣeé ṣe kó má nílò òmíràn mọ́ láyé rẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí fòníkú-fọ̀ladìde ba tirẹ̀ jẹ́, àfàìmọ̀ ni wọn kò fi ní tún un ṣe. Ọmọ náà sì ni bọ́ọ̀lù ṣì ń wù.

Kò sí irọ́ níbẹ̀ pé èèyàn lè padà sí eré. Tom Watson, àgbà nínú gọ́ọ̀fù, pààrọ̀ ìgbáròkó ní oṣù kẹwàá ọdún 2008. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù keje ọdún 2009, ó kù fẹ́ẹ́ kó gba ife Open ní Turnberry, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Andy Murray, agbá-tẹ́níìsì ọmọ Scotland, gba irin síbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó sì gba ife ní Antwerp ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: wọn kò gé orí egungun náà kúrò, irin ni wọ́n fi dé e bíi fìlà. Bo Jackson ará Amẹ́ríkà fara pa ní ọdún 1991, wọ́n pààrọ̀ ìgbáròkó rẹ̀, ó padà sí eré baseball ní ọdún 1993, ṣùgbọ́n kò padà sí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń forí sọ ara wọn, mọ́ títí láé. Ọkùnrin kan náà ni, ìgbáròkó kan náà. Eré kan gbà á, èkejì kò gbà á.

Àwọn òyìnbó ní eré kan tí wọ́n ń so pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n á máa yọ̀ lórí yìnyín. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa mọ́, torí Samuel Ikpefan ṣojú Nàìjíríà nínú irú rẹ̀ ní Beijing ní ọdún 2022. Àgbà òyìnbó tí wọ́n bá pààrọ̀ ìgbáròkó rẹ̀, ohun tó sábà máa ń fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí òun yóò padà sórí yìnyín. Èsì tí àwọn dókítà máa ń fún un ni pé bó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa tẹ́lẹ̀, ó lè padà lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, kó sì yẹra fún ibi tó ga gan-an. Bí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ́ eré ló ń ṣubú, ìṣubú ló sì ń ṣẹ́ egungun tó yí irin ká.

Ẹ lè fi òfin yìí wọn eré tiwa náà. Ìrìn ẹsẹ̀, gọ́ọ̀fù, kẹ̀kẹ́ gígùn níbi tó tẹ́jú, tẹ́níìsì tí èèyàn méjì-méjì ń gbá, àti ijó jẹ́jẹ́, gbogbo wọn ló dára lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Odò wíwẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ojú abẹ gbọ́dọ̀ ti jinná pátápátá kí ẹ tó wọ omi. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, sísáré lórí títì ọ̀dà àti skọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jó ní òde àríyá, kó jó jùjú. Kó fi bàtà sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an fún àwọn èèyàn wa nìyí. Ìwé tí wọ́n ń fún aláìsàn máa ń dárúkọ gọ́ọ̀fù àti tẹ́níìsì, bẹ́ẹ̀ eré tí ara wa ń ṣe lójoojúmọ́ kò sí níbẹ̀. Ohun tó ń yọ rogodo tuntun kúrò nínú ihò rẹ̀, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá àkọ́kọ́, ni kí èèyàn ká itan sókè jù, kó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá lórí èkejì, tàbí kó yí ẹsẹ̀ sínú. Ẹ wá wo ìgbé ayé wa. Ẹni tó lóṣòó sórí ṣáláńgá ti ká itan dé àyà. Ẹni tó jókòó sórí àpótí láti fọṣọ tàbí láti dáná, orúnkún rẹ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ. Ọkọ́ tí èèkù rẹ̀ kúrú ń tẹ àgbẹ̀ ba láti àárọ̀ di ọ̀sán. Mùsùlùmí ń forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta lóòjọ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdọ̀bálẹ̀ ní tirẹ̀, nígbà tí èèyàn bá ti nà gbalaja, kò sí wàhálà. Bí ó ṣe lọ sílẹ̀ àti bí ó ṣe dìde ni ewu wà.

Gbogbo rẹ̀ ló ní ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Káfíńtà lè kan àga onígi tó ga, tó ní ihò láàárín, fún orí ṣáláńgá. Èèyàn lè fi igi gígùn ṣe èèkù ọkọ́. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba aláìlera láàyè láti kírun lórí àga. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí àgbà, kó na ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún sẹ́yìn, kó tẹríba díẹ̀. Mi ò rò pé ọba kankan yóò bínú sí i. Ṣùgbọ́n dókítà kò lè gbà yín nímọ̀ràn lórí ohun tí ẹ kò sọ fún un. Ẹ sọ fún un kó tó fọwọ́ kan abẹ: mò ń roko, ṣáláńgá ni mò ń lò, ọ̀kadà ló ń gbé mi lọ sọ́jà. Ọ̀nà tí oníṣẹ́ abẹ gbà wọlé àti bí rogodo tó fi síbẹ̀ ṣe tóbi tó lè mú kí òfin rẹ̀ le tàbí kó rọ̀, ìdí nìyí tí ti aládùúgbò yín kò fi ní bá tiyín mu.

Ohun tó tún ń ya ẹni tó padà sí eré sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó jókòó kalẹ̀ ni ìdárayá ìtọ́jú lẹ́yìn abẹ. Ẹ̀yin àgbà ẹ rántí Pelé, tó bá Santos wá sí Èkó ní ọdún 1969. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìgbáròkó fún un ní São Paulo ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, wọ́n tún ṣe òmíràn ní New York ní oṣù kejìlá ọdún 2015. Ní ọdún 2017, níbi tí wọ́n ti pín ìsọ̀rí fún ife àgbáyé ní Moscow, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n gbé e wá. Ọmọ rẹ̀, Edinho, sọ ní ọdún 2020 pé bàbá òun kò rí ìdárayá ìtọ́jú tó yẹ gbà lẹ́yìn abẹ. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí Pelé, ẹni tó ń náwó abẹ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi owó ìdárayá náà kún un látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ta ilẹ̀ san owó abẹ, wọ́n á padà sílé, wọ́n á sì dùbúlẹ̀.

Ilé-ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ ní Igbóbì, tó bẹ̀rẹ̀ látinú ìtọ́jú àwọn sójà tó fara pa nígbà ogun Hítílà, tó sì di ilé-ìwòsàn ní ọdún 1945, wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí. Òkè òkun ni irin rẹ̀ ti ń wá, nítorí náà iye rẹ̀ ń bá dọ́là rìn. Ẹ béèrè gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: irin, ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, ọ̀pá ìtìlẹ̀, àti ìdárayá oṣù mẹ́ta.

Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, tí ẹ padà sílé, tí ẹsẹ̀ náà wá dédé kúrú lọ́jọ́ kan, tó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ìrora ńlá, ó ti yẹ̀ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á, ì báà jẹ́ ẹni tó ti ń to eegun láti ìran baba rẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀, kí wọ́n fi tìmùtìmù sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n sì wá ọkọ̀ tí ẹ lè nà gbalaja sínú rẹ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí ojúgun bá wú, tó ń gbóná, tó ń dunni, tàbí tí ojú abẹ bá ń sun omi, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.