Òtẹ́ẹ̀lì méjì lágbègbè kan: Ẹ̀kọ́ tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọ́ àwọn olókòwò

Oúnjẹ ọ̀sán ló gbé Lady Harberton wọ òtẹ́ẹ̀lì Hautboy ní abúlé Ockham, lágbègbè Surrey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kẹwàá ọdún 1898. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló gùn débẹ̀, owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, Ìyáàfin Sprague tó ń bójú tó òtẹ́ẹ̀lì náà ní òun kò ní í gbà á láyè nínú yàrá tí àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn ti ń jẹun. Ṣòkòtò tó wọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀.

Yẹ̀rì gígùn ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wọ̀ nígbà náà, irú rẹ̀ sì lè há sí ṣéènì kẹ̀kẹ́, kó gbé ẹni tó gùn ún ṣubú. Ìdí nìyẹn tí Lady Harberton, tó ti pẹ́ tó ti ń jà pé kí àwọn obìnrin máa wọ aṣọ tó rọrùn, fi wọ ṣòkòtò fífẹ̀ tó dé orúnkún, tó fara jọ kẹ̀ǹbẹ̀. Ìyáàfin Sprague ní tó bá fẹ́ jẹun, kó lọ jókòó sí yàrá tí àwọn ọkùnrin ti ń mutí, tí wọ́n ti ń fa tábà. Obìnrin náà kò gbà. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oníbàárà kan ṣoṣo ló lọ yẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ Cyclists' Touring Club ni Lady Harberton. Ọdún 1878 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nílùú Harrogate, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1899, ọmọ ẹgbẹ́ wọn ti lé ní 60,000. Wọ́n máa ń bá àwọn olótẹ́ẹ̀lì ṣàdéhùn lórí iye tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò san, wọ́n á sì gbé àmì onírin tó ní àwòrán kẹ̀kẹ́ oníyẹ̀ẹ́ kọ́ sára ògiri. Ẹni tó bá rí àmì náà ti mọ̀ pé wọn kò ní í rẹ́ òun jẹ.

Ẹgbẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní ọdún 1899. Àwọn tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní Ìyáàfin Sprague kò jẹ̀bi, nítorí ó ṣáà fún obìnrin náà ní yàrá mìíràn tó ti lè jẹun. Ìyá olótẹ́ẹ̀lì jàre, àmọ́ àwọn ìwé ìròyìn ti gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri.

Kò jìnnà sí Ockham rárá ni abúlé Ripley wà, níbi tí ìyá kan tó ń jẹ́ Dibble àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, Annie àti Harriet, ti ń bójú tó ilé èrò Anchor. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, ọjà àwọn ilé èrò tó wà lójú ọ̀nà náà kú, torí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin rìnrìn àjò kò gba ibẹ̀ mọ́. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù ló tún jí i dìde. Ìdílé Dibble fi ọ̀yàyà gbà wọ́n, wọ́n sì ṣí ìwé kan tí àlejò máa ń kọ orúkọ sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá méjèèjì kú ní nǹkan bí ọdún 1895 sí 1896, àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ dáwó jọ láti ṣe ohun ìrántí fún wọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà.

Ẹ̀yin olókòwò, ẹ fi ìyẹn wé tiwa. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, oníbàárà sì lè yí ìrìn rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹni kan tó dá wọlé lè jẹ́ ẹnu fún ogunlọ́gọ̀ tí ẹ kò rí. Ẹ jẹ́ kí iye ọjà yín hàn kedere kí èèyàn tó jókòó. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń gba ọ̀dọ̀ yín kọjá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bá olórí wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì dá iye kan fún wọn.

Ọ̀rọ̀ dídùn ló ń yọ obì lápò. Ilé ẹjọ́ lè dá olókòwò láre, àmọ́ kò lè bá a dá oníbàárà padà.