Yàrá Fáìlì Ló Bí Ẹ̀kọ́ Ìwífún Ìlera

Ẹni tó bá ti tò sí yàrá káàdì ilé ìwòsàn ńlá rí mọ ìyà tó wà níbẹ̀. Akọ̀wé á wá fáìlì títí, kò ní rí i. Ká ní obìnrin ni aláìsàn náà: orúkọ bàbá ló ń jẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ wá. Ó ti relé ọkọ báyìí, orúkọ ọkọ ló sì sọ fún akọ̀wé. Wọ́n á ṣí fáìlì tuntun fún un, dókítà kò sì ní mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kan ti fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀ nígbà kan.

Nílé-Ifẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn kan dáwọ́ lé ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn yìí. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ibẹ̀, àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Kuopio ní Finland ló pawọ́ pọ̀. Abímbọ́lá Soriyan wà lára àwọn ará Ifẹ̀, Mikko Korpela sì wà lára àwọn ará Kuopio. Wọn kò lọ ra ètò olówó gọbọi. Ètò tí ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà ń lò, tí kì í ṣe títà, ni wọ́n mú, wọ́n sì tún un ṣe kó bá tiwa mu. MINPHIS ni wọ́n sọ èyí tí wọ́n ṣe.

Ẹnu iṣẹ́ náà ni àìtó èèyàn ti hàn. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tó ń lọ ní wọ́ọ̀dù, ẹni tó sì mọ wọ́ọ̀dù kò mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń to ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1993, Ifẹ̀ gba àlejò HELINA, ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ìmọ̀ ìwífún ìlera nílẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tó yá, Ifẹ̀ àti Kuopio bá àwọn yunifásítì ní Mozambique àti Gúúsù Áfíríkà da ọwọ́ pọ̀ lábẹ́ orúkọ INDEHELA, láti ṣèwádìí àti láti kọ́ni. Iṣẹ́ ló ṣáájú, ẹ̀kọ́ ló tẹ̀lé e. Mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Kí ló yẹ kí ẹni tó ń gba oyè kejì nínú ìmọ̀ yìí kọ́? IMIA, ẹgbẹ́ àgbáyé fún ìmọ̀ yìí, gbé ìmọ̀ràn jáde lọ́dún 2000, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2010: ìmọ̀ ìwífún ìlera fúnra rẹ̀, ìmọ̀ ìṣègùn àti bí ilé ìwòsàn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìṣirò.

Bí a ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà wúlò ló le jù. Láti 1959 ni Donald Kirkpatrick, ará Amẹ́ríkà, ti la bí a ṣe ń díwọ̀n ẹ̀kọ́ sí ìpele mẹ́rin: ṣé ó tẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn, ṣé ó yé e, ṣé ó ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́, ṣé nǹkan yí padà níbi iṣẹ́? Ó rọrùn láti dúró sórí méjì àkọ́kọ́, torí fọ́ọ̀mù àti ìdánwò ti tó fún un. Ìkẹrin ni aláìsàn ń dúró dè.

Kí olùkọ́ lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan. Kó ka iye aláìsàn tó ní fáìlì méjì. Kó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà tí iná bá lọ. Kó bi nọ́ọ̀sì bóyá ó ṣì ń kọ ohun kan náà sínú ìwé àti sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ni kó fi tún ẹ̀kọ́ ọdún tó ń bọ̀ ṣe.