Ìloro, Pèpéle àti Àgbàlá Yíká Ilé àti Adágún Omi

Ẹni tí ó bá ti ka Ìhìn Rere Jòhánù yóò rántí adágún omi Bẹtẹsídà ní Jerúsálẹ́mù, èyí tí a sọ pé ó ní ìloro márùn-ún. Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ya àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́nu, nítorí pé ìhà mẹ́rin ni adágún sábà máa ń ní. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wú ilẹ̀ ibẹ̀, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì Ánà Mímọ́, a rí i pé adágún méjì ni, tí ògiri nípọnnípọn kan là láàrin: ìloro mẹ́rin yí wọn ká, ìkarùn-ún sì wà lórí ògiri àárín. Ó hàn gbangba pé àwọn tí ó kọ́ ọ ti pinnu ibi tí omi yóò dúró kí wọ́n tó pinnu ibi tí ènìyàn yóò jókòó.

Ètò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀ ní Èpìnmì àti káàkiri Àkókó. Wọn a kọ́ ilé, wọn a fi páànù bò ó, wọn a so ìloro mọ́ ọn níwájú. Sìmẹ́ńtì tí ó bá ṣẹ́kù ni wọ́n fi ń rẹ́ àgbàlá. Omi nìkan ni wọn kò bá gbìmọ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, omi a wá ọ̀nà ara rẹ̀, ọ̀nà náà a sì máa gba ìdí ògiri kọjá. Àwọn àgbà kò ṣìnà nígbà tí wọ́n wí pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un.

Àwọn baba ńlá kò kọ́lé bẹ́ẹ̀. Nínú agbo ilé àtijọ́, òrùlé a máa da omi sí àgbàlá àárín. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá náà ká, àwọn ará ilé a sì máa jókòó níbẹ̀ láìjẹ́ pé òjò pa wọ́n. Ìkòkò ńláńlá ni ó ń gba ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ fún mímu, èyí tí ó bá ṣẹ́kù a sì gba ihò abẹ́ ògiri jáde. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàrin nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Wọn kò kàn dà á sílẹ̀, wọ́n to àwọn àfọ́kù náà ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun ṣe ọ̀ṣọ́ sí i ní ibòmíràn. Ìtàn Ifẹ̀ fi iṣẹ́ náà fún Lúwo, ọba obìnrin. Ní Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí Àkókó, àgbàlá ààfin Ọlọ́wọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi kà á tó 100. Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ pàápàá kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ: ọ̀kan nínú èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ọ̀gọ̀gà Ìkẹ́rẹ́ láàrin 1910 sí 1914 ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Chicago. (Ẹni tí ó fi páìpù irin gbé ìloro ró lónìí kò níláti retí irú ọlá bẹ́ẹ̀.)

Nítorí náà, kí onílé tó fa okùn ìpìlẹ̀, kí ó dúró lórí ilẹ̀ náà nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ó sì wo ibi tí àgbàrá ń gbà. Àpáta ni ó pọ̀ lára àwọn òkè Àkókó. Omi kì í rì sínú àpáta, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹ̀yìn ilé ẹni tí ó kọ́lé sí ẹsẹ̀ òkè. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ níláti gbẹ́ yàrà sí apá òkè ilé láti darí àgbàrá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Omi òrùlé tirẹ̀ nìkan kì í ṣe kékeré. Òrùlé tí ó bo ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 40 ní gígùn àti 30 ní ìbú yóò da gálọ́ọ̀nù 623 sílẹ̀, èyí tí ó lé ní lítà 2,800, bí òjò bá rọ̀ tó ínṣì 1 péré: dúrọ́ọ̀mù 14 nìyẹn. Bí ògiri bá jẹ́ ti amọ̀, kí etí òrùlé yọ kọjá rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Kí ilẹ̀ tí a rẹ́ máa dà kúrò lára ògiri, ìdámẹ́rin ínṣì lórí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ojú kò ní rí i, ẹsẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n omi mọ̀ ọ́n. Kí gọ́tà gbé e lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í ṣe sí àgbàlá aládùúgbò.

Oòrùn ọ̀sán ń ti ìwọ̀ oòrùn jó ilé, nítorí náà ìhà ibẹ̀ ni ìloro tí ó jìn yẹ fún. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn fẹ́ wá, ọyẹ́ sì ń ti àríwá ìlà oòrùn: kí ilé ìdáná àti ṣálángá má ṣe wà ní ìhà méjèèjì yìí, bí onílé kò bá fẹ́ kí èéfín àti òórùn bá àlejò jókòó. Kí ṣálángá sì jìnnà sí kànga tó ẹsẹ̀ bàtà 100, kí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìloro tí kò jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 kò wúlò ju ibi bíbọ́ bàtà lọ. Bí àlejò bá ti jókòó, ẹni tí ó gbé omi bọ̀ kò ní rí ọ̀nà gbà. Kí àtẹ̀gùn jẹ́ ìwọ̀n kan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí pé èyí tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ ni ó ń gbé àgbàlagbà ṣubú lóru. Níbi tí ilẹ̀ bá dà gidigidi, a lè fi pákó tẹ́ pèpéle gíga. Ìrókò tàbí apá ni ó yẹ, nítorí ikán kì í tètè jẹ wọ́n. Síbẹ̀, orí òkúta ni kí a gbé ẹsẹ̀ òpó lé, kí ó má wọ ilẹ̀. Deuteronómì 22:8 ti pàṣẹ ìgbátí fún òrùlé ilé tuntun, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ṣubú má baà wá sórí ilé. Bákan náà ni fún pèpéle gíga. Kí ìdènà rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 àbọ̀, kí àlàfo àárín igi rẹ̀ má sì ju ínṣì 4 lọ, nítorí orí ọmọ tí ń rákò.

Ó ku adágún. Àwọn ọlọ́rọ̀ a máa gbẹ́ tiwọn fún ìwẹ̀. Àgbẹ̀ a máa gbẹ́ tirẹ̀ láti fi omi òjò pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn. Ewu kan náà ni méjèèjì ní. Ẹ́kísódù 21 ní kí ẹni tí ó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó san owó màlúù tí ó bá kó sínú rẹ̀. Ta ni yóò wá san owó ọmọ? Ọmọ ọdún 2 lè kú sínú omi tí kò mu àgbà dé orúnkún, kì í sì í pariwo. Kí ọgbà ẹsẹ̀ bàtà 4 yí adágún ká, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa pa ara rẹ̀ dé. Kí ìloro kọjú sí i, kí ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ lè máa rí omi láìna ọrùn. Torí èyí ni a fi ń ṣètò méjèèjì pọ̀. Ọ̀ṣọ́ ni ó tẹ̀lé e. Kí a sì fi ìgbálẹ̀ fa ojú sìmẹ́ńtì etí rẹ̀ kí ó tó gbẹ, kí ó má baà máa yọ̀.

Ewu kejì kéré lójú. Ní 1897 Ronald Ross fi hàn ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà. Ní 1927 àwọn oníṣègùn tí ibi iṣẹ́ wọn wà ní Yábàá, Èkó, rí kòkòrò ibà apọ́njú nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Gánà nísinsìnyí. Asibi yè, Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn náà, kú ní Èkó lọ́dún náà nípa àrùn kan náà. Láti inú kòkòrò ara Asibi ni a ti rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti 1937. Abẹ́rẹ́ wà, síbẹ̀ àrùn náà tún pa ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí ó bá Àkókó pààlà, ní 2018. Inú àmù, táyà àti agolo àyíká ilé ni ẹ̀fọn rẹ̀ ń yé sí, ẹyin náà sì di ẹ̀fọn láàrin nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10. Kí a fi àwọ̀n bo táńkì àti adágún omi mímu; kí a sì máa da omi àmù nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a ha inú rẹ̀, nítorí ẹyin tí ó lẹ̀ mọ́ ọn kì í kú bí omi bá gbẹ.

Àgbàlá kan náà ni àgbẹ̀ ń sá ẹ̀gẹ́ àti kòkó sí. Ìpínlẹ̀ Òndó wà lára àwọn tí ibà Lassa ń dà láàmú jù lọ. Eku ni ó ń gbé e, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ ni ó sì ń kó o ràn ènìyàn. Kí a ṣe pèpéle sísá tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3, tí kò fara kan ògiri, kí a sì kó oúnjẹ inú rẹ̀ wọlé sínú garawa onídèérí kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí òru ni eku ń jáde.