Kí Ẹ Tó Ra Fóòmù Tuntun, Ẹ Gbé E Sórí Ìwọ̀n

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí ná, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi. Bí a bá fẹ́ ra fóònù, a ó béèrè iye RAM, a ó béèrè bí bátìrì rẹ̀ ṣe lágbára tó, a ó wo fídíò mẹ́fà lórí YouTube, a ó tún pe ọ̀rẹ́ wa tó wà ní Computer Village láti bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n fóòmù tí a máa fi ẹ̀yìn lé fún wákàtí mẹ́fà tàbí méje lálaalẹ́, fún ọdún bíi mẹ́jọ, ìbéèrè kan ṣoṣo la máa ń bi oníṣọ́ọ̀bù: "Èló ni six by six?" Ó parí.

Owó lẹ máa sọ, mo mọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lójú ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, kò sí ohun tí kò fò sókè, fóòmù ò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀, torí pé òkè òkun ni púpọ̀ nínú kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe é ti ń wá. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí gan-an nìyẹn. Ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀ kò lè máa ra fóòmù lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́ta. Olówó ló lè ṣèèṣì rà, kó jù ú nù, kó tún òmíràn rà.

Kì í ṣe pé àwọn bàbá ńlá wa ò mọ oorun sùn o. Nígbà tí àwọn ará Òwu wá bá àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó s'Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ọdún 1834, kò sẹ́ni tó gbé fóòmù dání. Ẹní ni. Ẹni tó bá rí jájẹ a ní tìmùtìmù tí wọ́n ki òwú tàbí koríko gbígbẹ sínú rẹ̀ (òwú tí wọ́n fi ń hun aṣọ ni mo ń sọ o, kì í ṣe Òwu ìlú wa). Ọdún 1937 ni Otto Bayer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì ṣe àwárí polyurethane, èròjà tí à ń pè ní fóòmù lónìí. Ní tiwa níbí, ọdún 1962 ni wọ́n dá Vitafoam sílẹ̀ n'Ikẹja. Ìyẹn ni pé fóòmù tí à ń sọ yìí, ọmọ ẹ̀yìn òmìnira ni. Àwọn òbí wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun iyì nínú yàrá, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yàn án. Ẹni tó tà á fún wọn náà ló tún ṣe olùkọ́ wọn.

Èmi ń gbé l'Òwu, mi ò jìnnà sí Tótóró. Àdìrẹ ni Màámi ń tà n'Ítòkú, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, orí àpótí onígi ló ń jókòó sí. Fóòmù ilé rẹ̀ sì ti jìn kòtò láàárín débi pé ibi yòówù kí wọ́n sùn sí lórí rẹ̀, àárín ni wọ́n máa yí lọ bá ara wọn. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ọ: "Yéè, ẹ̀yìn mi o." Ó ti fi róòbù pa á, ó ti mu àgbo, ó ti lọ síbi àyẹ̀wò, wọ́n ní eegun ẹ̀yìn ò ṣẹ́, kò yẹ̀, kó máa dìde rìn dáadáa kó sì wá nǹkan gidi sùn lé. Nígbà tí àjọ kàn án, ó ní ká lọ ra fóòmù. Owó àjọ oṣù mẹ́wàá ni o. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù tí a kọ́kọ́ dé, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ti rí ọwọ́ tí Màámi fi di ìdí mú. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Màmá, orthopaedic lẹ nílò. Dókítà gan-an ló máa ń ní kí wọ́n rà á." Ó wá fi ìka kan fóòmù náà bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. "Ẹ gbọ́ bó ṣe le? Kò lè jìn láéláé."

Màámi fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n sùn lé e ni àbí kí n lọ ata lórí ẹ̀?"

Ẹ jẹ́ n dúró níbí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn, orthopaedic, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí látọ̀dọ̀ dókítà kankan. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà fún wa lórúkọ yẹn jẹ́ àjákù fóòmù tí wọ́n rún wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ títí ó fi le gbagidi. Kì í ṣe ohun burúkú, ó máa ń pẹ́, ẹni tó sanra tàbí ẹni tó ń sùn dojú dé lè gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ wá sọ pé gbogbo ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ni kó lọ sùn lórí nǹkan tó le bí Àpáta Olúmọ, irọ́ ni. Ní ọdún 2003, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ The Lancet gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè Spain. Èèyàn 313 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́ ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: wọ́n fún apá kan ní mátírẹ́ẹ̀sì tó le, wọ́n fún apá kejì ní èyí tó wà láàárín méjì, tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, àwọn tó sùn lórí èyí tó wà láàárín méjì ni ara tù jù.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòroó rí. Èèyàn kì í ṣe pákó. Èjìká yọ síta, ìdí yọ síta, ìbàdí sì wọnú. Bí ibùsùn bá le jù, èjìká àti ìdí nìkan ni yóò máa gbé gbogbo ara, ìbàdí á wà lófuurufú. Bí ó bá rọ̀ jù, ìdí á rì, ẹ̀yìn á tẹ̀ bí ọrun. Ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn nílò èyí tó rọ̀ díẹ̀ kí èjìká lè rí ibi wọ̀. Ẹni tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nílò èyí tó le ju ìyẹn lọ díẹ̀. Ọmọ ìkókó nìkan ni mo yọ sílẹ̀ pátápátá: ibi pẹrẹsẹ tó le ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí, láìsí ìrọ̀rí.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ tiyín? Ẹ dùbúlẹ̀ lé e nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé ojú á ti yín. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ sùn bí ẹ ṣe ń sùn nílé, kó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìbàdí yín. Bí ọwọ́ bá ń kọjá fàlàlà, ó ti le jù fún yín nìyẹn. Bí ọwọ́ ò bá lè wọlé rárá, tí ẹ sì ń rì, ó ti rọ̀ jù. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá ní kẹ́ ẹ má dùbúlẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Lílé àti rírọ̀ nìkan kọ́ o. Ohun tó ń jẹ́ kí fóòmù jìn kòtò ni pé ohun inú rẹ̀ ò kì tó. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Òyìnbó ń pe kíkì yẹn ní density: bí wọ́n bá kó fóòmù náà kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan, kìlógíráàmù mélòó ló máa wọ̀n? Fóòmù lè le lónìí kó má kì, oṣù mẹ́fà ló máa fi le. Èyí ló ń mú wa jù. A ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, a ní ó le, a sanwó.

Ìyá kan ní ìsàlẹ̀ òpópónà ló jẹ́ ká rí i lójú ayé. Mo bi í bóyá a lè wọn fóòmù méjì kan tí wọ́n jọ jẹ́ 6 × 4½, tí wọ́n sì jọ nípọn ní ínṣì 10. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti ọjọ́ tó ti ń tà á, kò sẹ́ni tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ ó rán ọmọ sí oníṣọ́ọ̀bù ẹja dídì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé ìwọ̀n wá. Àkọ́kọ́ wọn kìlógíráàmù 11. Èkejì wọn 18. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú mọ ìyàtọ̀ wọn, àkọ́kọ́ gan-an laṣọ rẹ̀ tún rẹwà jù. Àyè tí irú fóòmù bẹ́ẹ̀ gbà jẹ́ nǹkan bí 0.64 nínú àpótí mítà kan yẹn, nítorí náà density àkọ́kọ́ jẹ́ bíi 17, ti èkejì bíi 28, ká tilẹ̀ tó yọ ìwọ̀n aṣọ ara wọn kúrò. Ó ṣeé ṣe kí alágàbàgebè po nǹkan bí ẹfun mọ́ kẹ́míkà kí fóòmù lè wúwo, ìdí nìyẹn tí ẹ tún fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ wò ó bóyá ó yára padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n fóòmù tó fúyẹ́ kò ní àlàyé kankan láti ṣe.

Wàhálà wá dé. Èyí tó wọn 18 fi ìdajì owó wọ́n ju èkejì lọ. Owó àjọ Màámi lè ra 6 × 6 nínú èyí tó fúyẹ́, tàbí kó ra 6 × 4½ nínú èyí tó kì. Kò lè ra 6 × 6 tó kì.

"Bẹ́ẹ̀dì ọmọ iléèwé lẹ fẹ́ gbé fún mi?" ni Màámi wí. "Bí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ bá dé ní Kérésì ńkọ́? Orí mi ni kí wọ́n sùn lé?"

Mi ò rí ọ̀rọ̀ yẹn bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà nílẹ̀ Yorùbá, ti gbogbo ilé ni. Ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, ló ń sùn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ àlọ́, ibẹ̀ la ti ń tọ̀ sára. Èèyàn tó bá ní kí ìyá òun gé e kúrú ti bọ́ sínú ọ̀rọ̀ tó ju ẹ̀yìn dídùn lọ. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ló bá wa dá sí i. Ó ní, "Màmá Ìtòkú, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ọjọ́ mélòó làwọn ọmọ yẹn ń lò lọ́dún? Ẹ̀yìn yín ńkọ́, ọjọ́ mélòó?" Màámi dákẹ́. Ó tún bọ́ bàtà, ó tún dùbúlẹ̀ lé èyí tó kì lẹ́ẹ̀kejì, ó di ojú. Nígbà tó dìde, ó ní kí wọ́n kọ rìsíìtì.

Ìjà tó kù ṣẹlẹ̀ nílé. Ẹ mọ̀ ọ́n: náílọ́nù. Màámi ní kí a má yọ ọ́ kí ó má bàa dọ̀tí. Ẹ̀yin èèyàn mi, oṣù kẹta l'Abẹ́òkúta, wọ́n mú iná lọ, ooru ń mú, fóòmù fúnra rẹ̀ ń di ooru mú, ẹ wá fi náílọ́nù kún un! Òógùn ò ní ríbi lọ, á máa dà sí yín lára. Ẹ bọ́ ọ. Bí ẹ̀rù ìdọ̀tí bá ń bà yín, ẹ ra aṣọ òwú tó ní síìpù, kí ẹ máa fọ̀ ọ́. Ní alẹ́ tí ooru bá pọ̀ jù, ẹní ṣì ń jẹ́ ẹní, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ọ́lẹ̀ kí ẹ sùn, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Camp, ní Ọbáńtokò, tí ẹ gba yàrá kan, tí ẹ tẹ́ fóòmù sórí sìmẹ́ǹtì torí kò tíì sówó bẹ́ẹ̀dì: ẹ gbé e nàró sára ògiri láràárọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á hu èbu. Ẹ má ṣe tan kọ́ìlì ẹ̀fọn tàbí àbẹ́là sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láé. Fóòmù máa ń gbiná wàràwàrà, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé sáyánáìdì nínú, èéfín yẹn lè pa ẹni tó sùn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ti tòkunbọ̀, mi ò ní bú ẹni tó rà á, ṣùgbọ́n kó tú gbogbo ojú rírán rẹ̀ wò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni ìdun ń gbé, bí ó bá sì ti wọlé, ẹ ẹ́ fi owó lílé e ra fóòmù mìíràn. Bí tuntun lẹ bá rà, ẹ wo àmì MANCAP ti àjọ SON lára rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì, torí ayédèrú pọ̀ nígboro.

Ẹ̀yìn Màámi ò tíì jinná tán, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Ó ṣì ń jókòó n'Ítòkú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í kígbe mọ́ kó tó dìde láàárọ̀. Fóòmù àtijọ́ yẹn, a gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò tíì jìn, ó fi àjákù àdìrẹ bò ó, ó ti di tìmùtìmù orí àpótí rẹ̀. Ìyókù, ajá aládùúgbò wa ló ń sùn lé e.