Àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹja inú ilé gíláàsì

Àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹja ni àkójọ irinṣẹ́, ohun ìyẹ̀wòmi àti oògùn díẹ̀ tí ẹni tí ó ń sin ẹja nínú ilé onígíláàsì máa ń fi pamọ́ sí ojú kan, kí ó lè tètè ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí ewu bá dé lójijì. Ó yàtọ̀ sí àpótí ìtọ́jú ti ènìyàn, nítorí pé ohun tí ó sábà máa ń pa ẹja inú ilé kì í ṣe ọgbẹ́ tàbí àrùn, bí kò ṣe omi tí ẹja náà ń gbé inú rẹ̀. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú àpótí yìí jẹ́ ohun tí a fi ń yẹ omi wò, tí a fi ń tún omi ṣe, tàbí tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi. Oògùn ni ó kẹ́yìn.

Bí àpótí náà yóò ṣe rí wà lọ́wọ́ ibi tí ènìyàn ń gbé: irú omi tí ó ń lò, bí iná mànàmáná ṣe ń wá sí àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ìlú mẹ́ta ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹja àti omi ní agbègbè odò Ọ̀tìn

Ìkìrun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, nínú èyí tí Ìnísà náà wà. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní apá àríwá Òṣogbo, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Ọ̀fà. Odò Ọ̀tìn, tí ìjọba ìbílẹ̀ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, jẹ́ òrìṣà tí wọ́n ń bọ ní agbègbè náà. Ọ̀wọ̀ fún ẹja kì í ṣe ohun tuntun níbẹ̀: ìtàn Òṣogbo sọ pé orúkọ oyè ọba ìlú náà, Àtáọ́jà, wá láti inú «a-tẹ́wọ́-gba-ẹja», nítorí ẹja tí odò Ọ̀ṣun fi ránṣẹ́ sí ọba.

Ẹja àrọ̀ àti ẹpìyà ni àwọn àgbẹ̀ sábà máa ń sìn fún jíjẹ ní ìhà yìí. Ẹja tí wọ́n ń sìn fún wíwò ni ti inú ilé gíláàsì. Lára wọn ni goldfish tí ó wá láti Ṣáínà àti guppy tí ó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹja ilẹ̀ Nàìjíríà náà wà níbẹ̀: Pelvicachromis pulcher, tí àwọn olùsìn ẹja mọ̀ sí kribensis, jẹ́ ẹja odò gúúsù Nàìjíríà tí wọ́n ti ń sìn káàkiri àgbáyé báyìí.

Orísun omi àti ewu rẹ̀

Omi mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀ ní agbègbè náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ewu tirẹ̀ fún ẹja.

Omi ẹ̀rọ ìjọba: Ìdídò Èkó-Ende, tí wọ́n kọ́ sórí odò Ọ̀tìn, ni a kọ́ láti pèsè omi fún Ìkìrun àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀. Kilorínì ni a fi ń pa kòkòrò inú irú omi bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aráàlú. Kilorínì yìí dára fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ó máa ń jó ẹ̀yà ara tí ẹja fi ń mí, èyí tí ó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Bí a bá bu omi náà sínú garawa tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò, tí a kò dé e fún wákàtí 24 sí 48, kilorínì yóò fò lọ. Kiloramínì, tí àwọn ilé-iṣẹ́ omi kan ń lò dípò rẹ̀, kì í fò lọ bẹ́ẹ̀.

Omi kànga àti ti kànga oníẹ̀rọ: Kò ní kilorínì bí wọn kò bá da á sí i. Síbẹ̀, omi tí ó ti abẹ́ ilẹ̀ wá lè má ní ọ́síjìn tó, ó sì lè ní irin tàbí gáàsì kábọ́nì ọlọ́síjìn-méjì púpọ̀. Ó yẹ kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i fún ọjọ́ kan kí ẹja tó wọ inú rẹ̀.

Omi òjò: Kò ní èròjà ilẹ̀ rárá, nítorí náà ìwọ̀n pH rẹ̀ lè yí padà lójijì. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ orí páànù wọ inú àgbá, kò sì yẹ fún ẹja.

Omi odò: Ó lè gbé kòkòrò àrùn tàbí oògùn oko wá.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú àpótí náà

1. Ohun ìyẹ̀wòmi fún amóníà, náítíráìtì, náítíréètì àti pH. Ojú kò lè rí amóníà. Omi tí ó mọ́ gaara lè jẹ́ májèlé.
2. Òṣùwọ̀n ìgbóná omi. Ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 24 sí 28 ni ó bá púpọ̀ nínú ẹja ilẹ̀ olóoru mu. Omi lè tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ ní òru ìgbà ọyẹ́.
3. Sódíọ̀mù tayosọ́fétì, èyí tí ó máa ń pa agbára kilorínì lójú ẹsẹ̀. Bí a bá yo gíráàmù 10 rẹ̀ sínú lítà omi kan, mílílítà 1 àpòpọ̀ yìí tó fún lítà 1 omi ẹ̀rọ tí kilorínì inú rẹ̀ kò ju mílígíráàmù 1 lọ.
4. Iyọ̀ lásán tí kò ní èròjà amóbẹ̀dùn. Láti ọdún 1993 ni iyọ̀ inú ilé ìdáná ní Nàìjíríà ti ní láti ní áyódíìnì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n áyódíìnì náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kì í pa ẹja ní ìwọ̀n tí a ń lò fún ìtọ́jú.
5. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí ń lo bátìrì, pẹ̀lú bátìrì tuntun, rọ́bà tín-ín-rín àti òkúta afẹ́fẹ́ rẹ̀.
6. Garawa tàbí ike ńlá kan tí ọṣẹ kò kàn rí, tí a kọ «TI ẸJA» sí lára.
7. Àwọ̀n rírọ̀ méjì: ọ̀kan fún ilé ẹja, èkejì fún ẹja tí ń ṣàìsàn.
8. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́, òṣùwọ̀n gíráàmù kékeré, ìbọ̀wọ́ àti iná tọ́ọ̀ṣì.
9. Methylene blue, fún ewú ara àti fún ẹyin ẹja, nínú garawa ọ̀tọ̀ nìkan.
10. Ìwé kékeré tí a kọ ìwọ̀n omi ilé ẹja, ọjọ́ tí a pààrọ̀ omi àti nọ́ńbà oníṣègùn ẹranko sí.

Bí a ṣe ń ṣírò ìwọ̀n omi

Kò sí oògùn tí a lè lò láìmọ iye omi tí ó wà nínú ilé ẹja. A máa ń fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn, ìbú àti gíga omi, a ó sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, a ó sì fi 1,000 pín in. Ilé ẹja tí ó gùn ní 60, tí ó fẹ̀ ní 30, tí omi inú rẹ̀ sì ga ní 30, gba lítà 54. Bí òkúta àti iyanrìn bá wà nínú rẹ̀, omi gan-an kò ní tó bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ nǹkan bí lítà 45. Iyọ̀ gíráàmù 1 fún lítà kan yóò wá jẹ́ gíráàmù 45. Ṣíbí kékeré kan tí kò kún jù tó nǹkan bí gíráàmù 6.

Ìgbésẹ̀ ní àkókò pàjáwìrì

Ẹja tí ń gba afẹ́fẹ́ lójú omi. Bí ẹja bá gbé ẹnu sókè sójú omi tí ó ń mí kíákíá, ó ṣeé ṣe kí ọ́síjìn má tó, tàbí kí amóníà, náítíráìtì tàbí kilorínì wà nínú omi. Ohun àkọ́kọ́ ni láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí omi. Ẹ̀ẹ̀kejì ni láti yẹ omi wò. Bí amóníà tàbí náítíráìtì bá hàn, kí a pààrọ̀ ìdá mẹ́rin sí ìdajì omi pẹ̀lú omi tí kò ní kilorínì, tí ìgbóná rẹ̀ sì bá ti ilé ẹja dọ́gba, kí a sì dá oúnjẹ dúró. Iyọ̀ gíráàmù 1 fún lítà kan máa ń dènà náítíráìtì láti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja. Ilé ẹja tuntun ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, nítorí pé bakitéríà tí ń sọ amóníà di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ó tó gbilẹ̀ nínú asẹ́.

Iná tí ó lọ. Bí asẹ́ bá dúró, omi kì í rú mọ́, ọ́síjìn sì ń dínkù. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀: ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 20, lítà omi kan lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 9, ní 30, kò ju nǹkan bí 7.5 lọ. Ẹ̀rọ oníbátìrì ni ó yẹ kí a tàn. Bí kò bá sí, kí a máa fi ife bu omi ilé ẹja, kí a sì máa dà á padà láti òkè ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀. Kí a má fún ẹja ní oúnjẹ. Ẹja tí ó dàgbà tí ara rẹ̀ sì dá lè gbé ọjọ́ mélòó kan láìjẹun. Bí asẹ́ bá ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí a fi omi ilé ẹja fọ̀ ọ́ kí a tó tan án padà.

Oògùn ẹ̀fọn. Pairẹ́tírọ́ìdì, èròjà inú ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀fọn tí a ń fọ́n sínú yàrá, jẹ́ májèlé líle fún ẹja bí ó tilẹ̀ kéré. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ a sì máa fà á wọ inú omi. Bí a bá fẹ́ fọ́n ọn, kí a gbé ẹja kúrò ní yàrá, tàbí kí a dé ilé wọn dáadáa kí a sì pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà títí òórùn yóò fi tán. Bí ó bá ti wọ inú omi, kí a kó ẹja sínú garawa omi tútù tí ó mọ́ lójú ẹsẹ̀.

Àmì funfun bí iyọ̀ lára. Ichthyophthirius multifiliis ni kòkòrò tí ń fa àrùn yìí. Oògùn kì í pa á nígbà tí ó wà lábẹ́ awọ ẹja, àfi nígbà tí ó bá ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú omi. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a dáwọ́ ìtọ́jú dúró nígbà tí àmì náà bá kọ́kọ́ pòórá; ó yẹ kí ó tó nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14.

Lẹ́bẹ́ tí ó ya tàbí ìpẹ́ tí ó ṣí. Omi mímọ́ ni oògùn àkọ́kọ́. Iyọ̀ gíráàmù 1 sí 3 fún lítà kan nínú garawa ọ̀tọ̀ máa ń ran ẹja lọ́wọ́ kí ọgbẹ́ náà tó san.

Ìlò oògùn àti ìkìlọ̀

Methylene blue máa ń pa bakitéríà rere inú asẹ́, nítorí náà kò yẹ kí a dà á sínú ilé ẹja gan-an. Malachite green kò yẹ fún ẹja tí ẹnikẹ́ni yóò jẹ. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹja oúnjẹ. Garawa, àwọ̀n tàbí omi ilé gíláàsì kò gbọdọ̀ dé inú adágún ẹja àrọ̀.

Kò yẹ kí a ra kápúsù oògùn apabakitéríà ti ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kí a dà á sínú omi láìsí ìmọ̀ràn. Kì í wo àrùn tí kòkòrò mìíràn fà, kì í sì tún omi tí ó bàjẹ́ ṣe. Ó máa ń kọ́ bakitéríà bí a ṣe ń borí oògùn, omi tí a bá sì dà sí ojú gọ́tà yóò gbé bakitéríà bẹ́ẹ̀ lọ. Oníṣègùn ẹranko tí ó forúkọ sílẹ̀ ni ó yẹ kí ó júwe irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára ibi tí a lè kàn sí ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ewu kan wà fún ènìyàn pẹ̀lú: Mycobacterium marinum, bakitéríà kan tí ó lè wà nínú omi ẹja, máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọ ara. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ lọ́wọ́ gbọdọ̀ wọ ìbọ̀wọ́.

Nígbà tí ìrètí ìwòsàn kò sí mọ́

Dída ẹja tí ń kú lọ sínú ṣáláńgá tàbí sí orí ilẹ̀ jẹ́ ikú tí ó pẹ́ tí ó sì le. Òróró kànáfùrù, tí a kọ́kọ́ gbọ̀n pọ̀ mọ́ omi díẹ̀, máa ń mú kí ẹja sùn. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá tó nǹkan bí mílílítà 0.4 fún lítà kan, ẹja kì í jí mọ́. Kí a fi í sílẹ̀ nínú omi náà fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán lẹ́yìn tí kò bá mí mọ́, kí a tó sin ín. Kò yẹ kí a dà ẹja ilé gíláàsì, òkú tàbí ààyè, sínú odò, nítorí àrùn àti ẹja àjèjì lè ba odò náà jẹ́.

Títọ́jú àpótí náà

Ibi tí oòrùn kò dé tí kò sì lọ́rinrin ni ó yẹ kí àpótí náà wà, kí ọwọ́ ọmọdé má sì tó o. Ohun ìyẹ̀wòmi àti oògùn ní ọjọ́ tí agbára wọn ń tán. Kí a kọ ọjọ́ tí a ṣí wọn sára ìgò. Kí a yẹ bátìrì wò lóṣooṣù. Garawa omi kan tí a ti bu sílẹ̀ láti àná, tí kilorínì rẹ̀ ti fò lọ, jẹ́ ara àpótí náà bí kò tilẹ̀ lè wọ inú rẹ̀, nítorí òun ni ohun àkọ́kọ́ tí a sábà máa ń nílò.